Ẹ Padà Wá Ra Ẹlẹ́ẹ̀kejì: Ìbéèrè Yín Lórí Aṣọ Tí Àwọn Èèyàn Wa Ń Tà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ aṣọ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo fi àkókò sí jù torí ó lé ní èèyàn mẹ́fà tó béèrè irú ẹ̀.

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Atlanta ni mò ń gbé. Lọ́dún 2020 tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà níbí, tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé ká máa ra ọjà lọ́wọ́ àwa aláwọ̀ dúdú, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà, aṣọ, yẹtí, báàgì. Ní báyìí gbogbo ẹ̀ ti rọlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìyẹn ti kọjá, gáúnù $15 ni wọ́n ń rà lórí fóònù, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó wá ká mi lára ni gáúnù $120 tí mo sanwó ẹ̀ fún ọmọbìnrin dúdú kan, ọ̀sẹ̀ méje rèé, mi ò rí i. Ojú ń tì mí láti béèrè owó mi, kó má lọ dà bíi pé mi ò ti àwọn èèyàn mi lẹ́yìn. Àti pé Target, ilé ìtajà ńlá tí pásítọ̀ ní ká má wọ̀ mọ́, ọjà àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ ńkọ́? — Ìyá Ìbejì, Atlanta

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó yín ṣáájú, torí òun ló ń gbóná lọ́wọ́.

Owó yín ni, ẹ béèrè ẹ̀. Òfin wà ní Amẹ́ríkà yín níbẹ̀ lórí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tí ọlọ́jà bá dá ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, tí ò bá dá ọjọ́ kankan, 30 ọjọ́ ni, tí kò bá dẹ̀ lè ṣe é, òun ló yẹ kó wá bá yín, kó sọ ọjọ́ tuntun, kó fún yín láyè láti gbowó yín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ẹni tó bá ní torí pé àwọ̀ wa jọra kí n má béèrè nǹkan mi, ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ̀rọ̀ ná kẹ́ ẹ tó sá lọ bá báǹkì, ẹ jọ̀ọ́. Tí báǹkì bá fipá fa owó yọ lọ́wọ́ ọlọ́jà kékeré, wọ́n á tún bu owó ìtanràn lé e lórí, tírú ẹ̀ bá ti wá pọ̀, iléeṣẹ́ tó ń bá a gba owó káàdì lè ti àpò owó ẹ̀ pa, owó tó fẹ́ fi ra aṣọ àwọn oníbàárà tó kù á há síbẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ sí i pé, "Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́, ọjọ́ wo lẹ máa fi aṣọ mi ránṣẹ́? Tí ò bá ní ṣeé ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá owó mi padà." Ẹ fún un lọ́jọ́ mẹ́ta, ó ti tó.

Kí n wá sọ ìdí tí aṣọ fi ń pẹ́, torí èmi náà ti ta aṣọ rí, ọdún mẹ́fà gbáko kí n tó jókòó ti ìwé kíkọ. Ọlọ́jà kékeré ò ní aṣọ rírán tó kún ilé. Ibi tí wọ́n ti máa bá a rán an ò ní gba iṣẹ́ gáúnù mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á ní àádọ́ta ni ó kéré tán, kó gbé ìdajì owó sílẹ̀. Báǹkì ò yá a. Torí náà owó tí ẹ̀yin san gan-an ló ń gbé lọ ra aṣọ. Ẹ wá wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní June 2020, tí gbogbo ayé ń pín orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú láti ọwọ́ kan sí èkejì, ẹni tó ń ta gáúnù mẹ́jọ lọ́sẹ̀ kàn jí lọ́jọ́ kan ó bá igba èèyàn tó fẹ́ ra gáúnù, inú ẹ̀ dùn dé gongo, ó gba òṣìṣẹ́, ó gba ilé tó tóbi, ó ra aṣọ jọ sílẹ̀ de oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ dé, àwọn tó wá ní June ò padà wá. Aṣọ ń wò ó nílẹ̀, owó ilé ń wò ó nílẹ̀. Mo mọ obìnrin méjì tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí tí wọ́n ti padà síṣẹ́ ọ́fíìsì báyìí, ọ̀kan nínú wọn ní òun ò lè fojú kan ẹ̀rọ ìránṣọ òun mọ́, ó ti fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ nínú gáréèjì.

Ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ra nǹkan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 2020 torí pé ó ń jà lóde, ó ṣe dáadáa, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó padà wá ní 2021, tó tún wá ní 2023 torí pé aṣọ yẹn wọ̀ ọ́ dáadáa, òun gan-an ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà wà.

Ìdúró pàápàá kì í ṣe ìṣòro táwọn èèyàn bá mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ẹ wo Telfar Clemens tó ń ṣe aṣọ àti báàgì ní New York, Làìbéríà làwọn òbí ẹ̀ ti wá, 2005 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tó di 2020 báàgì ẹ̀ ń tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn tó ń kó o láti tún un tà lówó gọbọi dẹ̀ ń gbé e mọ́ àwọn tó fẹ́ lò ó lọ́wọ́. Ní August ọdún yẹn, ó ṣí ọjà sílẹ̀ fún wákàtí 24, kò sí pé ó ti tán, ẹni tó bá ti sanwó á rí tiẹ̀, àmọ́ ó sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ó di December sí January kó tó dé. Wọ́n sanwó, wọ́n dúró. Ohun tí ọmọ tó ń bá yín ṣe yẹn jẹ̀bi ẹ̀ ni pé kò sọ̀rọ̀.

Ní ti yẹ̀yẹ́ táwọn ọ̀rẹ́ yín ń fi yín ṣe. Mo ní gáúnù kan tí mo rà ní £140 lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kan ní London lọ́dún 2021. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo yí inú ẹ̀ síta lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé èyí tọ́mọ mi rà lówó pọ́ọ́kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tèmi, gbogbo etí aṣọ tó wà nínú ni wọ́n fi aṣọ pẹlẹbẹ kan we, o ò rí òwú kan kó yọ. Lókè síípù, họ́ọ̀kù kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ rán mọ́ ọn. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kí ọmọ tó ga jù mí lọ jogún ẹ̀, wọ́n á tú u, á dé ẹsẹ̀ ẹ̀. Níbi tí iwájú ti pàdé ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì òdòdó wà lápá ibí, ìdajì wà lápá ọ̀hún, wọ́n dẹ̀ pàdé ṣinṣin bíi pé ẹnì kan jókòó tì í tó ń wọ̀n ọ́n. Ti ọmọ mi, òdòdó já síbi tó wù ú, ìṣẹ́tí ò tó ìka kan, abíyá ti ń tú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ̀ ọ́. Èmi ti wọ tèmi lọ ìkómọ méjì, ìsìnkú kan àti àìmọye ọjọ́ ìsinmi. Ẹ lè sọ fáwọn ọ̀rẹ́ yín kí wọ́n wá wò ó.

Tówó ò bá sí, kò sí ni, ẹ má yá owó nítorí aṣọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ra yẹtí, ẹ ra gèlè, ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ ra gáúnù.

Ti Target: 2021 ni wọ́n ṣèlérí pé kó tó di òpin 2025 àwọn á ná bílíọ̀nù 2 dọ́là pẹ̀lú àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú. January 2025 wọ́n kéde pé àwọn ń fòpin sí àfojúsùn tí wọ́n ní lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ni Pásítọ̀ Jamal Bryant ní Georgia yín níbẹ̀ bá pe ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ pé ká má wọbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú pé àwọn èèyàn ń fowó wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ, àwọn oníṣòwò tiwa kan fohùn síta pé tí ọjà àwọn ò bá tà lórí pẹpẹ yẹn, àwọn ló máa kọ́kọ́ forí fá a. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ibi tí wọ́n ti ń tajà fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo orúkọ tó wà lára ọjà náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ẹ rà á níbẹ̀. Ó tún sàn fún wọn bẹ́ẹ̀, torí àwọn ilé ìtajà ńlá máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó fẹ́ni tó kó ọjà fún wọn. Lọ́dún 2025 yẹn kan náà, Saks, ilé ìtajà aṣọ olówó ńlá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sáwọn tó ń kó aṣọ fún wọn pé ó di 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá dé káwọn tó máa sanwó. Ta ni nínú àwa tó lè fi oṣù mẹ́ta jẹun lórí ìlérí? Owó tiyín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ fóònù ló ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn.

Àǹtí, ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kékeré ni mo ní ní Peckham. Oṣù October, oṣù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, fóònù mi ò ní sinmi, tó bá di November, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwa Yorùbá la máa ń ná mi jù. "Ẹ bá mi dín in, ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wá." Ó ti sú mi. — Abẹ́rẹ́ Ò Sùn, London

Abẹ́rẹ́ Ò Sùn, pẹ̀lẹ́, mo mọ ìnira ẹ̀. Nínú ọjà tiwa nílé, ọlọ́jà ti fi nǹkan lé e kó tó pe iye, òun náà mọ̀ pé wọ́n máa ná an, ìnájà náà wá di eré tí gbogbo wa mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ta á. Iye tó o lẹ̀ mọ́ aṣọ ní Peckham ò ní àfilé kankan nínú. Ẹni tó bá ní kó o dín £20, inú oúnjẹ rẹ ló ti fẹ́ bù ú. Má bínú sí wọn o, ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ṣe ìṣirò fún wọn lójú ara wọn: láti April 2025 sí March 2026, owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin níbẹ̀ jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan, gáúnù tó gbà ọ́ ní wákàtí mẹ́rin, £48.84 ti lọ sórí ọwọ́ nìkan, a ò tíì dé orí aṣọ, òwú, síípù, iná àti owó ṣọ́ọ̀bù. Kọ ọ́ sí pátákó kan, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí wọ́n fi ń wo ara wọn. Mo ṣe irú ẹ̀ nígbà tèmi, ẹni tó máa ná mi á kà á, á rẹ́rìn-ín, á mú káàdì jáde.

Ti October, Swiss, olórin tó wà nínú ẹgbẹ́ So Solid Crew ní London, ti rí ìṣòro yẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó dá Black Pound Day, ọjọ́ ríra ọjà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní June 2020, kò fi sí ọjọ́ kan lọ́dún, Saturday àkọ́kọ́ nínú oṣù ló fi sí. Gbogbo oṣù. Ìwọ náà, àwọn tó wá ní October, gba nọ́ńbà wọn, kó o kọ̀wé sí wọn ní January pé gáúnù wọn tó bá ti fún tàbí tó tú, kí wọ́n gbé e wá, o máa bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó gbé aṣọ wá fún àtúnṣe kì í gbójú kúrò lára èyí tó wà lórí hángà.

Àǹtí, ẹ gbà mí o. Mo rí gáúnù kan lójú ìwé obìnrin tó ń ṣe aṣọ ní Lagos, $480 ló ń tà á. Mo gbé fọ́tò ẹ̀ fún télọ̀ mi, ó bá mi rán an ní $90, mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, mo gbé e sórí Instagram. Obìnrin náà wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ó yẹ yín, iṣẹ́ mi nìyẹn, àmọ́ ẹ ò rà á lọ́wọ́ mi." Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ṣé olè ni mí ni? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ọmọ mi, o kì í ṣe olè, má jẹ́ kẹ́nì kankan fi ìyẹn pa ẹ́ lẹ́kún. Àwa tá a dàgbà sílé télọ̀ mọ kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, gbogbo sítáì ló wà níbẹ̀, wàá na ìka sí nọ́ńbà méjìlá, wọ́n á rán nọ́ńbà méjìlá fún ẹ. Bí aṣọ tiwa ṣe ń lọ láti ìlú kan dé ìkejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà, ẹni tó ni ín tẹ̀ ẹ́ jáde kéèyàn lè rán an ni. Fọ́tò obìnrin yẹn, ó gbé e síbẹ̀ kó lè ta gáúnù ni. Ó ti gé pátánì yẹn, ó ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó jókòó báyẹn lára, àwọn aṣọ tó bà jẹ́ yẹn, nínú $480 náà ló ti fẹ́ rí owó wọn. Owó ìfiránṣẹ́ tún wà ńbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọjà tí ò bá ju $800 lọ máa ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè, láti August 29, 2025, wọ́n ti fòpin sí i, ẹni tó ń ránṣẹ́ láti Lagos wá ń ru ẹrù tuntun.

Níbi tí mo ti ń bínú gan-an ni káwọn ńlá máa jí ti àwọn kékeré kí wọ́n tún máa tà á. Lọ́dún 2021 báàgì kan jáde lábẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ aṣọ Guess, bó ṣe rí, àmì róbótó tó wà láàárín ẹ̀, Telfar lo máa pè é. Àwọn oníbàárà ló pariwo ẹ̀, ni wọ́n bá kó o kúrò lọ́jà. Dapper Dan, aránṣọ aláwọ̀ dúdú ní Harlem ní New York, òun ti ṣí ṣọ́ọ̀bù lójú pópó 125th láti 1982, wọ́n ti í pa ní 1992 torí àmì àwọn iléeṣẹ́ olówó ńlá tó ń lò, tó bá wá di 2017 Gucci gbé jákẹ́ẹ̀tì jáde tó jọ èyí tó ti rán lọ́dún 1989. Àwọn èèyàn wa ò dákẹ́, wọ́n gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn káàkiri, ọdún tó tẹ̀ lé e Gucci àti Dapper Dan ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ìwọ náà wà lára àwọn tó lè pariwo yẹn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó o wà lódìkejì.

Ohun tó o máa ṣe: lọ sábẹ́ fọ́tò yẹn, kọ orúkọ obìnrin náà síbẹ̀, kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ni. Bẹ̀ ẹ́ níkọ̀kọ̀. Kó o ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ tágbára rẹ ká, ì báà jẹ́ ìborùn. Má sì bá télọ̀ rẹ jà, òun náà aláwọ̀ dúdú tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Lọ́jọ́ mìíràn, sọ fún un kó fún ẹ ní sítáì tiẹ̀. Ó lè yà ẹ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin àǹtí wa, Ìbàdàn la wà, dúdú ni gbogbo wa, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àfi pé ìyá mi ra àdìrẹ ọdún tó kọjá, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ó ní èyí ò kí ń ṣe àdìrẹ tóun mọ̀. — Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ìyá yín ti dáhùn ìbéèrè yín. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lọ́jà báyìí, àní ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta tó jẹ́ ilé ẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà. Owó ẹ̀ kéré, ó dán, gbogbo èèyàn wá fẹ́ wọ àdìrẹ lọ sóde torí òun ló ń jà, ẹni tó fọwọ́ ṣe tiẹ̀ wá ń wo àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí o, ará Holland ló fi ẹ̀rọ ṣe irú aṣọ tí àwọn ará Jáfà ní Indonesia ń fọwọ́ ṣe, ó wá dọ́dọ̀ wa, la bá ń pè é ní ánkárá tiwa.

Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síta kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n rẹ sínú aró, aró á dé ẹ̀yìn ẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á funfun tàbí kó ṣá. Ẹ wá àwòrán kan náà níbi méjì lára aṣọ, kẹ́ ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọwọ́ èèyàn ò lè yà wọ́n lọ́gbọọgba láéláé. Ìbàdàndùn tiyín ńbẹ̀ yẹn, aṣọ tí wọ́n ya òpó Màpó àti ṣíbí sí, mo ní èyí tí ìyá àgbà mi fi sílẹ̀, kò sí òpó méjì tó ga dọ́gba nínú ẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bóyá ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń yà á ló yẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àbí ẹnì kan ló pè wọ́n. Ẹ̀kọ làfún ni wọ́n fi yà á, wọ́n sá a kó gbẹ, wọ́n rì í sínú aró, wọ́n gbé e jáde kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, wọ́n tún rì í, títí tó fi dúdú, kí wọ́n tó wá ha ẹ̀kọ kúrò.

Irú iṣẹ́ yẹn ò kí ń ṣe ti ọjọ́ kan, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ti ìyá yín dípò èyí tó ṣá, ẹ wá aládìrẹ tẹ́ ẹ lè lọ bá níbi ìkòkò aró ẹ̀, ẹ san ìdajì fún un lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kó lè fi ra aṣọ funfun tó máa rẹ, ẹ gba ọjọ́ lẹ́nu ẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìdajì tó kù dání lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ má sọ pé oṣù ò tíì parí.